Ta Ni Ọ̀gá Nínú Àwọn Onímọ̀ Físíìsì? Ìtàn Bí Kíka Ìtọ́kasí Ṣe Di Ìdájọ́

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, onímọ̀ físíìsì kan tí ń jẹ́ Jorge Hirsch gbé àpilẹ̀kọ kúkurú kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ bíbí ilẹ̀ Ajẹntínà ni, Yunifásítì Kalifọ́níà tó wà ní San Diego ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Àpilẹ̀kọ náà kò sọ̀rọ̀ nípa ìràwọ̀, kò sọ̀rọ̀ nípa iná mọ̀nàmọ́ná tàbí nípa èérún tó kéré ju àtọ́ọ̀mù lọ. Àwọn onímọ̀ físíìsì fúnra wọn ni ó gbé sórí òṣùwọ̀n. Ó to orúkọ àwọn àgbà láàárín wọn, ó sì kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Edward Witten, ẹni tí wọ́n mọ̀ mọ́ àbá okùn, ní 110, òun ni ó sì wà lókè pátápátá. Alan Heeger tẹ̀ lé e pẹ̀lú 107. Marvin Cohen àti Arthur Gossard ní 94 ẹnì kọ̀ọ̀kan, Philip Anderson ní 91, Steven Weinberg àti Michael Fisher sì ní 88. Bí a bá ń bọ̀ nísàlẹ̀, a ó rí Pierre-Gilles de Gennes pẹ̀lú 79 àti Giorgio Parisi pẹ̀lú 73. Stephen Hawking, ẹni tí ọmọ ilé ìwé pàápàá mọ orúkọ rẹ̀, 62 péré ni tirẹ̀.

Nígbà tí ó fi máa di oṣù kọkànlá ọdún yẹn, jọ́nà Àjọ Ọ̀mọ̀wé Sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti tẹ àpilẹ̀kọ náà jáde. Nọ́ńbà tí Hirsch fi wọn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ayé wá ń pè ní atọ́ka h. Kò sí yunifásítì ńlá kan lónìí tí a kò ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń fi gba ènìyàn síṣẹ́, wọ́n ń fi gbé ènìyàn ga, wọ́n ń fi pín owó ìwádìí, wọ́n sì ń fi du ẹlòmíràn ní gbogbo rẹ̀. Ó yẹ kí a mọ ibi tí irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, nítorí kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ físíìsì ni ó ti bẹ̀rẹ̀ rárá. Ọ̀dọ̀ àwọn lọ́yà ni.

Ní ọdún 1873, ní ìpínlẹ̀ Illinois lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Frank Shepard bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun kan fún àwọn agbẹjọ́rò. Òfin tí wọ́n ń lò níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé wá sọ́dọ̀ tiwa náà, orí ìdájọ́ àtijọ́ ni ó dúró lé. Bí lọ́yà bá fẹ́ sọ pé onídàájọ́ kan ti dá irú ẹjọ́ báyìí rí, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ilé ẹjọ́ gíga ti da ìdájọ́ náà nù lẹ́yìn náà. Ìtìjú ńlá ni fún agbẹjọ́rò kí ó dìde níwájú adájọ́ kí ó máa ka òkú òfin. Ohun tí Shepard ń tà ni bébà pélébé tí ó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, tí àwọn lọ́yà ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé wọn, tí ó ń fi hàn wọ́n gbogbo ẹjọ́ tó tún mẹ́nu bà á láti ìgbà náà wá. Nígbà tó yá, bébà pélébé di ìwé ńlá, ìwé ńlá sì di ohun tí ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò kankan kò lè ṣe aláìní.

Ó tó ọgọ́rin ọdún kí ẹnikẹ́ni tó ronú pé irú ohun bẹ́ẹ̀ lè wúlò fún sáyẹ́ǹsì. Ẹni tí ó rò ó ni Eugene Garfield. New York ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1925, ó kàwé nípa kẹ́mísírì, kò sì pẹ́ tí ó fi rí i pé òun kì í ṣe ẹni tí ibi ìṣàyẹ̀wò kẹ́míkà bá lára mu. Ó bá ara rẹ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins, níbi tí wọ́n ti ń wá ọ̀nà tí ẹ̀rọ lè fi to àpilẹ̀kọ ìṣègùn lẹ́sẹẹsẹ. Àgbà òṣìṣẹ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní ilé iṣẹ́ Shepard, William Adair, gbọ́ nípa iṣẹ́ wọn, ó sì kọ lẹ́tà sí i pé ọgbọ́n tí wọ́n ń wá ti wà lọ́wọ́ àwọn lọ́yà láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọdún 1955 Garfield kọ àpilẹ̀kọ kan sínú jọ́nà tí wọ́n ń pè ní Science, ó sì là á kalẹ̀ níbẹ̀ pé ó yẹ kí a ní ìwé tí yóò máa sọ, fún àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan, gbogbo àpilẹ̀kọ mìíràn tí ó ti tọ́ka sí i.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ìdí tí Garfield fi fẹ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Kò sọ pé òun fẹ́ mọ ẹni tí ó ga jù. Ohun tí ó ń bà á lẹ́rù ni pé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lè gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé orí àpilẹ̀kọ tí ẹlòmíràn ti fi hàn pé irọ́ ni, kí ó má sì mọ̀. Ọ̀nà ìṣàwárí ni ó ń lá. Bí o bá rí àpilẹ̀kọ kan tó wúlò fún ọ, ìwé náà yóò mú ọ lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń tọ ìdílé láti ọ̀dọ̀ baba ńlá wá sísàlẹ̀.

Ilé adìyẹ àtijọ́ kan ní New Jersey ni Garfield ti bẹ̀rẹ̀ òwò rẹ̀. Ní ọdún 1960 ó sọ ilé iṣẹ́ náà ní orúkọ ńlá tí a wá mọ̀ ọ́n sí, ìyẹn Institute for Scientific Information, ó sì fi Philadelphia ṣe ibùjókòó. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìwé ìtọ́kasí rẹ̀ gbé jọ́nà 613 yẹ̀ wò, ó sì kó ìtọ́kasí tó tó 1,400,000 jọ. Láti ọdún 1964 ni ó ti ń jáde déédéé. Àwọn tó ra á lákọ̀ọ́kọ́, ilé ìkàwé ni wọ́n. Ṣùgbọ́n kété tí ìwé náà dé orí tábìlì, àwọn ènìyàn kan ṣàkíyèsí ohun tí ó rọrùn láti rí: bí o bá lọ sí abẹ́ orúkọ ènìyàn, tí o sì ka iye ìlà tó wà níbẹ̀, o ti ní nọ́ńbà kan lọ́wọ́. Nọ́ńbà sì ni ohun tí ọwọ́ aláṣẹ máa ń yá sí jù láyé.

Ẹni àkọ́kọ́ tó rí ìtàn sáyẹ́ǹsì nínú àwọn ìlà wọ̀nyẹn ni Derek de Solla Price, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì kí ó tó tún gba òmíràn nínú ìtàn sáyẹ́ǹsì. Nígbà tí ó ń kọ́ni ní Singapore, wọ́n kó àwọn ìdìpọ̀ jọ́nà àtijọ́ ti Ẹgbẹ́ Ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ́dọ̀ rẹ̀ nítorí pé ilé ìkàwé wọn kò tíì parí. Price tò wọ́n jọ mọ́ ògiri ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ó sì rí i pé gíga wọn ń lọ sókè bí owó tí èlé ń gun orí èlé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sinmi nínú kíka sáyẹ́ǹsì bí ẹni ń ka ọjà. Ní ọdún 1965, nígbà tí ó ti dé Yunifásítì Yale, ó lo ìwé Garfield láti fi hàn pé ìtọ́kasí kì í pín káàkiri bí òjò. Àpilẹ̀kọ díẹ̀ ni ó ń gba ọ̀pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ jù nínú àpilẹ̀kọ sì ń gba díẹ̀ tàbí kí ó má gba nǹkan kan. Nígbà tó di ọdún 1976, ó ṣe ìṣirò tó ṣàlàyé ìdí rẹ̀: àpilẹ̀kọ tí a ti tọ́ka sí ni a tún máa ń rí, èyí tí a bá sì rí ni a tún máa ń tọ́ka sí.

Robert Merton, onímọ̀ nípa àwùjọ ènìyàn, ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1968, ó sì fi Ìwé Ìhìn Rere Mátíù sọ ọ́ lórúkọ, níbi tí a ti sọ pé ẹni tó ní ni a ó tún fún sí i. Merton kò fi ṣe àwàdà. Ó wo àwọn tó ti gba ẹ̀bùn Nobel, ó sì rí i pé bí gbajúmọ̀ kan àti ọ̀dọ́ kan bá jọ ṣe iṣẹ́, gbajúmọ̀ náà ni ayé máa ń fi iṣẹ́ náà fún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ́ náà ni ó ṣe é.

Àárín àwọn onímọ̀ físíìsì gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán òṣùwọ̀n náà wò lórí ènìyàn alààyè. Ní ọdún 1967, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, Jonathan Cole àti Stephen Cole, gbé ìwádìí jáde lórí 120 onímọ̀ físíìsì ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n ka iye àpilẹ̀kọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ka iye ìtọ́kasí rẹ̀, wọ́n sì fi wé iyì tí ó ní. Ohun tí wọ́n rí dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú: kì í ṣe ẹni tó kọ ìwé rẹpẹtẹ ni wọ́n ń bu ọlá fún jù, bí kò ṣe ẹni tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lo iṣẹ́ rẹ̀. Èyí fi ọkàn àwọn ènìyàn balẹ̀ pé ìtọ́kasí kì í purọ́. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì tún gbé ọ̀rọ̀ tó le jù bẹ́ẹ̀ jáde. Wọ́n ní nínú físíìsì, iṣẹ́ àwọn díẹ̀ tó wà lókè ni àwọn tó wà lókè náà ń tọ́ka sí, wọ́n sì béèrè bóyá sáyẹ́ǹsì lè máa lọ bí ó ti ń lọ tí a bá dín iye àwọn tí ń ṣe é kù. Ẹ ò rí i pé kò pẹ́ rárá tí ohun èlò ìṣàwárí fi di ohun tí a ń fi béèrè ẹni tí a lè lé lọ?

Garfield alára kò kọ ògo tí ó wá bá a. Ó to orúkọ àádọ́ta onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí a tọ́ka sí jù ní ọdún 1967. Méjì nínú wọn, Murray Gell-Mann nínú físíìsì àti Derek Barton nínú kẹ́mísírì, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1969. Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà kí àwọn ènìyàn máa fi ìtọ́kasí sọ àsọtẹ́lẹ̀ bí ẹni ń dá ifá. Síbẹ̀, ó ń kìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà pé kíka iye kò lè rọ́pò kíka iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ìkìlọ̀ ọlọ́jà nípa ọjà ara rẹ̀ kì í sábà dé etí oníbàárà.

Ní báyìí a lè padà sọ́dọ̀ Hirsch. Ìdí tí ó fi gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀ kalẹ̀ jọ èyí tí aláìlágbára fi máa ń wá òfin. Hirsch kò gba àlàyé tí àwọn onímọ̀ tó kù gbà nípa àwọn ohun tí iná mọ̀nàmọ́ná ń gba inú wọn kọjá láìsí ìdíwọ́ kankan nígbà tí òtútù bá mú wọn gan-an. Àlàyé náà, èyí tí Bardeen, Cooper àti Schrieffer ṣe ní ọdún 1957, ti gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1972. Hirsch ní kò tọ̀nà. Àwọn jọ́nà olókìkí kì í sì í fẹ́ gba iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó wá ń tẹ̀ wọ́n sí àwọn jọ́nà tí kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń rí wọn tí wọ́n sì ń tọ́ka sí wọn. Láyé ìgbà náà, orúkọ jọ́nà ni wọ́n fi ń díwọ̀n ènìyàn. Hirsch rò pé ó yẹ kí a wo iṣẹ́, kí a má wo ilé tí a ti tẹ̀ ẹ́.

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn débi pé ọmọ ilé ìwé girama lè ṣe é. Ká ní ẹnì kan kọ àpilẹ̀kọ méje, tí wọ́n tọ́ka sí àkọ́kọ́ nígbà 50, èkejì nígbà 30, ẹ̀kẹta nígbà 12, ẹ̀kẹrin nígbà 8, ẹ̀karùn-ún nígbà 6, ẹ̀kẹfà nígbà 5, èkeje nígbà 3. Mẹ́fà nínú wọn ni ìtọ́kasí wọn tó márùn-ún ó kéré tán, ṣùgbọ́n kò sí mẹ́fà tó ní mẹ́fà. Nítorí náà atọ́ka h rẹ̀ jẹ́ 5. Ẹni tó kọ igba àpilẹ̀kọ tí ẹnikẹ́ni kò kà, òfo ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ẹyọ kan ṣoṣo tí ayé tọ́ka sí nígbà ẹgbẹ̀rún, 1 ni tirẹ̀, bí ẹni pé kò ṣe ju ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tọ́ka sí lẹ́ẹ̀kan lọ.

Hirsch kò dá a dúró níbẹ̀. Ó ní onímọ̀ físíìsì tí atọ́ka rẹ̀ bá tó 20 lẹ́yìn ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ó ti ṣàṣeyọrí. Ẹni tó bá ní 40, ó yàtọ̀. Ẹni tó bá ní 60, irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ó tún dábàá pé 12 lè tó láti fi dá ènìyàn dúró pátápátá sẹ́nu iṣẹ́ ní yunifásítì ńlá, kí 18 sì jẹ́ ti ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó fi ìkìlọ̀ sí i pé nọ́ńbà kan kò lè sọ gbogbo ìtàn ènìyàn. Lójú tèmi, níbi tí ó ti fi nọ́ńbà sí ẹnu ọ̀nà ni iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó síbi tí wọ́n ti ń yan ènìyàn síṣẹ́, tí ìwé ìbéèrè igba wà níwájú rẹ̀, nọ́ńbà ni yóò mú, yóò fi ìkìlọ̀ sílẹ̀.

Àkókò náà sì tún gbè é. Ọdún 2004 ni Google gbé ẹ̀rọ ìṣàwárí àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde, ọdún yẹn kan náà ni Scopus dé. Ohun tí àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò Cole fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe, kọ̀ǹpútà wá ń ṣe é kí ènìyàn tó ṣẹ́jú.

Ǹjẹ́ òṣùwọ̀n náà ń wọn ohun tí a rò pé ó ń wọ̀n? Ẹ jẹ́ kí a mú Weinberg, ẹni tó ní 88 nínú àkójọ Hirsch. Ní ọdún 1967 ó kọ àpilẹ̀kọ tí kò kún ojú ìwé mẹ́ta, lórí bí agbára mànàmáná àti agbára kan tó wà nínú àtọ́ọ̀mù ṣe jẹ́ ọmọ ìyá. Ọdún mẹ́rin gbáko ni ó fi wà nílẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu bà á. Ní ọdún 1971, ọ̀dọ́ ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì kan, Gerard 't Hooft, fi hàn pé ìṣirò irú àbá bẹ́ẹ̀ lè dúró. Ìgbà náà ni ìtọ́kasí wá ya bí omi tó já ìdídò. Ní ọdún 1979 Weinberg gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ pẹ̀lú Sheldon Glashow àti Abdus Salam. Ká ní ìgbìmọ̀ kan ka ìtọ́kasí àpilẹ̀kọ náà ní ọdún 1970, wọn ì bá ti sọ pé iṣẹ́ òfo ni.

Ti John Bell tún le jù bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1935 Einstein àti àwọn méjì mìíràn kọ àpilẹ̀kọ kan tó béèrè bóyá ẹ̀kọ́ kúáńtọ́ọ̀mù pé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwọ̀nba ènìyàn ló kà á sí. Ní ọdún 1964 Bell fi ìṣirò hàn pé a lè fi ìdánwò mọ ibi tí òtítọ́ wà. Jọ́nà tuntun kan ni ó tẹ̀ ẹ́ sí, jọ́nà náà sì kógbá sílé lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Àwọn tó fi ìdánwò tẹ̀ lé ọ̀nà tí Bell là, Alain Aspect, John Clauser àti Anton Zeilinger, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2022. Bell ti kú láti ọdún 1990. Lónìí, àpilẹ̀kọ Einstein ti ọdún 1935 yẹn wà lára àwọn iṣẹ́ rẹ̀ tí a ń tọ́ka sí jù. Ọ̀rọ̀ ọdún 1905 rẹ̀ lórí agbára àti ìwúwo, tí gbogbo ènìyàn ti gbọ́ rí, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń lò ó ni ó tún ń tọ́ka sí i mọ́, nítorí pé ó ti di ohun tí gbogbo ìwé gbà bí ẹni gba pé oòrùn ń yọ.

Ẹnì kan ṣí ìwé ìṣirò fún wa. Sidney Redner, onímọ̀ físíìsì ní Amẹ́ríkà, wo àpilẹ̀kọ 783,339 tí àwọn jọ́nà tó wà nínú ìwé Garfield tẹ̀ ní ọdún 1981, láti inú gbogbo ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì. Nígbà tó fi máa di ọdún 1997, àpilẹ̀kọ 368,110 nínú wọn ni ẹnikẹ́ni kò tọ́ka sí rí. Ó tún wo 110 ọdún jọ́nà Physical Review, àpilẹ̀kọ tó lé ní 350,000. Mọ́kànlá péré ni a ti tọ́ka sí ju ìgbà 1,000 lọ nínú jọ́nà náà fúnra rẹ̀. Èyí tó ṣíwájú gbogbo wọn kì í ṣe ti Einstein, kì í ṣe ti Feynman. Ti Walter Kohn àti Lu Sham ni, ọdún 1965, lórí ọ̀nà tí a fi ń ṣírò ìwà àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù nínú ohun líle. Kohn jẹ́ ọmọ Júù láti Vienna tí wọ́n kó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kékeré ní ọdún 1939, tí àwọn Násì sì pa àwọn òbí rẹ̀. Ìdí tí àpilẹ̀kọ rẹ̀ fi ga tó bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀nà ìṣirò ni, ẹnikẹ́ni tó bá sì lo ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ tọ́ka sí i. Ẹni tó ṣe ọkọ́ tó dára fún gbogbo àgbẹ̀ ìlú, orúkọ rẹ̀ yóò wà ní gbogbo oko.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá mu jù ni Peter Higgs. Ní ọdún 1964, ní Yunifásítì Edinburgh, ó kọ àpilẹ̀kọ kúkurú méjì. Jọ́nà tó fi èkejì ránṣẹ́ sí dá a padà. Ó fi àlàyé kún un, ó fi ránṣẹ́ sí jọ́nà mìíràn ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 2012, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní CERN nítòsí Geneva kéde pé àwọn ti rí èérún tí ó sọ, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2013 pẹ̀lú François Englert. Nígbà tí ó ń lọ gba ẹ̀bùn náà, ó sọ fún oníròyìn kan láti ìwé ìròyìn Guardian pé àpilẹ̀kọ tí òun kọ lẹ́yìn ọdún 1964 kò tó mẹ́wàá. Ó ní nígbà tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òun bá béèrè pé kí olúkúlùkù kọ orúkọ iṣẹ́ tó ṣe láìpẹ́ sílẹ̀, ohun tí òun máa ń fi ránṣẹ́ ni pé kò sí. Ó gbà pé ojú ìtìjú ni wọ́n fi ń wo òun níbẹ̀, àti pé ohun tó jẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀ ni ìrètí pé ẹ̀bùn Nobel lè dé lọ́jọ́ kan. Ó ní lóde òní, kò sí yunifásítì tí yóò gba òun síṣẹ́. Higgs kú ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àkójọ Hirsch.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Ní ọdún 2015, ẹgbẹ́ méjì ní CERN, ATLAS àti CMS, para pọ̀ tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí ìwúwo èérún Higgs. Ojú ìwé 33 ni gbogbo rẹ̀. Ojú ìwé 24 nínú rẹ̀ jẹ́ orúkọ àwọn òǹkọ̀wé àti ilé ẹ̀kọ́ wọn. Òǹkọ̀wé 5,154 ni wọ́n. Gbogbo ìtọ́kasí tí àpilẹ̀kọ náà bá gbà, olúkúlùkù wọn ni yóò ní in lódidi. Èmi kò sọ pé wọn kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tí ó gùn tó kìlómítà 27 lábẹ́ ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọwọ́ kan ń gbé. Ṣùgbọ́n bí a bá fi òṣùwọ̀n kan náà wọn ọ̀dọ́ tó wà lára àwọn ẹgbẹ̀rún wọ̀nyẹn àti Higgs tó dá jókòó sí Edinburgh, a mọ ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ yóò ga jù.

Àwọn ẹlẹ́tàn náà kò sùn. Ní ọdún 2010, Cyril Labbé, olùkọ́ kan ní Grenoble lórílẹ̀-èdè Faransé, mú ètò kọ̀ǹpútà kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ MIT ṣe, tí ń hun ọ̀rọ̀ asán bí ẹni pé ìmọ̀ ni. Ó fi ṣe àpilẹ̀kọ bí ọgọ́rùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń tọ́ka sí gbogbo èyí tó kù. Ó kọ orúkọ Ike Antkare sí wọn lórí, ẹni tí ìyá kan kò bí. Láìpẹ́, atọ́ka h Ike Antkare di 94 lójú Google, ó borí Einstein. Àwọn baba wa sọ pé ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún èbù tí ó ní òun gbin igba, bí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Antkare kò gbin ẹyọ kan. Labbé fi ṣe ẹ̀kọ́ ni, ó sì sọ fún gbogbo ayé. Àwọn tí wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ tí wọn kì í sọ fún ẹnikẹ́ni ni ó yẹ kí ó máa kọ wá lóminú.

Ní ilẹ̀ wa, èyí kì í ṣe ìtàn òkèèrè. Ní ọdún 2019, John Ioannidis ti Yunifásítì Stanford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé orúkọ bí 100,000 onímọ̀ sáyẹ́ǹsì jáde, wọ́n sì lo òṣùwọ̀n tó pa oríṣi ìṣirò mẹ́fà pọ̀, kí ẹni tó jẹ́ ọ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún òǹkọ̀wé má baà dọ́gba mọ́ ẹni tó dá iṣẹ́ ṣe. Àkójọ náà ti gbòòrò láti ìgbà náà, ọdọọdún ni ó sì ń jáde. Nígbà tó bá jáde báyìí, àwọn yunifásítì Nàìjíríà a máa kéde àwọn ọmọ wọn tó wà lára ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún tó ga jù lágbàáyé, ìwé ìròyìn a gbé e, ọ̀rẹ́ àti ará a sì máa kí wọn kú oríire. Kò sí ohun tó burú nínú kíkí ẹni tó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ yunifásítì èyíkéyìí bí ìgbéga ṣe ń lọ, yóò ka iye àpilẹ̀kọ fún yín, yóò sọ iye tó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti jọ́nà òkè òkun. Owó oṣù tí kò tó ra epo ni àwọn kan ti ń yọ owó dọ́là fún jọ́nà tí kì í ka iṣẹ́ kí ó tó tẹ̀ ẹ́.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ sì ni òṣùwọ̀n náà ti ní ibi tí ojú rẹ̀ kò tó. Garfield yan jọ́nà tí yóò kà, ó sì mọ ìdí rẹ̀: kò sí ilé iṣẹ́ tó lè ka gbogbo wọn. Àwọn tí ó yàn, ti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni ọ̀pọ̀ wọn, Gẹ̀ẹ́sì sì ni èdè tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìtọ́kasí tó wà nínú jọ́nà tí a kò yàn, lójú òṣùwọ̀n, kò ṣẹlẹ̀. Abdus Salam, tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, mọ ìrora náà dáadáa. Ó padà sílé sí Lahore ní ọdún 1951, kò rí ẹni bá sọ ọ̀rọ̀ físíìsì, ó sì tún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ìyẹn ni ó mú kí ó dá ilé ìwádìí sílẹ̀ ní Trieste lórílẹ̀-èdè Ítálì ní ọdún 1964, kí onímọ̀ físíìsì láti Áfíríkà àti Éṣíà lè máa wá síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ó gbọ́ ohun tí ayé ń sọ, kí ó sì padà sílé. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ni ó ti gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá. Ìtọ́kasí máa ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tí a mọ̀, ẹni tí a jọ jókòó, ẹni tí a gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi ìpàdé. Salam ti mọ èyí ṣáájú Merton.

Àwọn kan ti ń gbìyànjú láti dá ẹṣin náà dúró. Ní ọdún 2012, àwọn olóòtú jọ́nà kan pàdé ní San Francisco, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé pé kí ẹnikẹ́ni má fi òkìkí jọ́nà díwọ̀n ènìyàn mọ́. Ní ọdún 2015 ìwé mìíràn jáde láti Leiden lórílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì pẹ̀lú ìlànà mẹ́wàá. Ní ọdún 2023, ilé iṣẹ́ Clarivate, tó jogún iṣẹ́ Garfield, yọ ìṣirò kúrò nínú àkójọ ọdọọdún rẹ̀, nítorí pé ẹ̀ka náà kéré débi pé àwọn ènìyàn díẹ̀ lè para pọ̀ máa tọ́ka sí ara wọn kí wọ́n sì yí àkójọ náà po. Wọn kò yọ físíìsì.

Hirsch alára kò dákẹ́. Ní ọdún 2020 ó kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn kan ti ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ físíìsì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì sọ ọ́ kedere pé òṣùwọ̀n tí òun gbé kalẹ̀ ti ṣe ìpalára tí òun kò rò. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń dá iṣẹ́ òun lórí ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná padà. Ó sọ bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń sá fún ìbéèrè tó lòdì sí ohun tí gbogbo ènìyàn gbà, nítorí pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í mú ìtọ́kasí wá. Àbá tí Hirsch ń tako kò tíì wó, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó pọ̀ jù kò sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ títí di òní. Ó ń bá ìjà náà lọ. Nínú gbogbo ohun tí ó ti kọ láti ìgbà tó ti wọ iṣẹ́ físíìsì, àpilẹ̀kọ ọdún 2005 yẹn, èyí tó gbé atọ́ka h kalẹ̀, ni àwọn ènìyàn tọ́ka sí jù.